Táyà Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Yàn, Sípésà Ló Kẹ́yìn

Kò sẹ́ni tó ní Toyota GT86 tí ọ̀rọ̀ yìí ò ní kàn lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ yẹn rẹwà, mi ò ní purọ́ fún yín, iwájú ẹ̀ lọ sílẹ̀ dáadáa, ìdí ẹ̀ yọ síta, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́yìn ẹ̀ tẹ́ ẹ wò ó fínnífínní, ẹ máa rí i pé táyà ẹ̀ ti wọlé sábẹ́ mọ́gáàdì jù. Ohun tó ń mú káwọn èèyàn sáré lọ ra sípésà nìyẹn, ìyẹn irin alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń fi sáàárín họ́ọ̀bù (ibi tí wọ́n ti ń de ríìmù mọ́ ọkọ̀) àti ríìmù kí táyà lè sún síta. Owó ẹ̀ ò pọ̀, kì í pẹ́ dè, tí wọ́n bá sì dè é tán ọkọ̀ á fẹ̀ lójú, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á máa wò ó.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí pé ó fẹ́ kí ọkọ̀ òun rẹwà o, èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwa tá a nífẹ̀ẹ́ irú ọkọ̀ yìí ń gbé ẹ̀yìn síwájú. Sípésà la kọ́kọ́ ń rà, lẹ́yìn ìyẹn la máa wá ríìmù, táyà tó jẹ́ pé òun nìkan ṣoṣo ló ń fọwọ́ kan ilẹ̀ la wá ń fi gbẹ̀yìn, èyí tí owó bá ṣẹ́ kù fún náà la sì máa rà. Ó yẹ kó jẹ́ òdìkejì ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó ṣe é. Toyota àti Subaru ló jọ ṣe ọkọ̀ yìí, ilé iṣẹ́ Subaru ní Gunma, ní Japan, ni wọ́n ti tò ó, ọdún 2012 ló dé ọjà. Ẹ́ńjìnnì 2.0 lítà ló wà nínú ẹ̀, agbára ẹṣin 200, gbogbo ọkọ̀ náà ò sì wúwo ju nǹkan bíi 1,240 kílò lọ. Táyà tí wọ́n wá fi sí i ni Michelin Primacy HP, 215/45R17 (215 yẹn ni fífẹ̀ ẹ̀, màá ṣàlàyé ìyókù níwájú), irú èyí tí wọ́n tún fi sẹ́sẹ̀ Prius. Prius tí wọ́n fi ń ṣe takisí! Àwọn èèyàn pariwo nígbà yẹn, wọ́n ní Toyota ń ṣahun. Kì í ṣe ahun rárá. Tetsuya Tada, ọ̀gá ẹnjiníà tó darí iṣẹ́ náà, àtàwọn èèyàn ẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọkọ̀ tí awakọ̀ á máa gbádùn láìjẹ́ pé ó ń sá eré àsápajúdé, tí ìdí ẹ̀ á máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí á máa sọ fún èèyàn kó tó yọ̀. Tí wọ́n bá fi táyà fífẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí oje sí i, ó dìgbà téèyàn bá sáré gan-an kó tó mọ nǹkan kan lára, tó bá sì wá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nínú eré yẹn, ó ti bọ́ nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú ẹ̀ nídìí irú iṣẹ́ yìí náà ò wọ táyà fífẹ̀. MX-5 tí Mazda gbé jáde ní 1989, 185/60R14 ló wọ̀.

Èyí tó wá dá mi lójú jù lọ ni arọ́pò ẹ̀, GR86, tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mò ń gbé, ní 2022. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti di 2.4 lítà, agbára ẹ̀ ti lọ sókè, ríìmù ẹ̀ ti di 18, táyà ẹ̀ ti di Michelin Pilot Sport 4 tó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, àmọ́ ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀: 215/40R18. Wọn ò fẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́wàá gbáko, owó wà lọ́wọ́ wọn, ìmọ̀ wà lórí wọn, 215 náà ni wọ́n tún mú. Ó yẹ kéèyàn ronú lé ìyẹn lórí kó tó lọ ra 255.

Fún ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà ò yé dáadáa, kò le. 215 ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. 45 ni gíga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìdá 45 nínú 100 ti fífẹ̀ yẹn, ìyẹn nǹkan bíi 97 mm. 17 ni ríìmù tó wà nínú ẹ̀, ní ínṣì. Tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀, táyà yẹn ga tó 625 mm láti ilẹ̀ dókè. Tẹ́ ẹ bá wá bọ́ sí 225/45R17, gíga ẹ̀ á di 634, ó fi nǹkan bí ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé tí míítà ọkọ̀ bá ń sọ fún yín pé máìlì 70 lẹ̀ ń sá, ẹ ti fi nǹkan bíi máìlì kan lé e ju bó ṣe máa rí pẹ̀lú táyà àkọ́kọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé míítà ò gbọ́dọ̀ sọ iye tó kéré sí eré téèyàn ń sá gangan, ó lè sọ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ níwọ̀nba, torí náà táyà tó bá ga jù lè kóni sí wàhálà. 235/40R17 á rẹlẹ̀ sí 620, 245/40R17 á wà ní 628. Gbogbo wọn ló sún mọ́ra. Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni fífẹ̀, kì í ṣe gíga.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Ìbàdàn tó ń ṣe iṣẹ́ fọkanáísà tipẹ́tipẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé táyà ní nǹkan tí wọ́n ń wò lára ẹ̀ yàtọ̀ sí eyín. Mo pè é lórí WhatsApp nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn, mo yí kámẹ́rà síbi táyà kó lè rí i. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àbúrò, èwo lo ní kò dáa nínú èyí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó wọlé jù ni." Ó ní kí n sún mọ́ ọn, kí n fi nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àpótí kékeré lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà han òun. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún, kò sí fọkanáísà gidi tí ò mọ ìyẹn, pàápàá nílé tó jẹ́ pé táyà tòkunbọ̀ ló pọ̀ lọ́jà, tí wọ́n á fi nǹkan dúdú kùn ún kó máa dán. Ó wò ó, ó ní, "Táyà yìí ti gbó, ó ti gan. Tó o bá tì í síta, tó o tì í wọlé, òkú táyà náà ni. Ra táyà ná." Ó tún wá sọ pé tí mo bá máa ra èyí tó fẹ̀, kí n má lọ fi sórí ríìmù tín-ín-rín, torí àárín ẹ̀ á wú, etí ẹ̀ ò ní kan ilẹ̀ dáadáa, á sì máa jẹ láàárín.

Òótọ́ pọ́ńbélé sì lọ̀rọ̀ ẹ̀. Gbogbo táyà ló ní ìwọ̀n ríìmù tí wọ́n ṣe é fún. 215/45R17 máa ń gba ríìmù tó fẹ̀ láti 7 ínṣì dé 8. 225/45R17 ń gba 7 dé 8 àti ààbọ̀. 245/40R17 ò lọ sórí ohun tó bá kéré sí 8. Ríìmù tí GT86 bá wá láti ilé iṣẹ́, 7 ínṣì ni. Ẹ rí i pé ẹni tó bá fẹ́ fi 245 sórí ríìmù àkọ́kọ́ ẹ̀ ti ń ṣe ohun tí kò yẹ látìbẹ̀rẹ̀, sípésà kankan ò sì lè bá a tún un ṣe.

Ó wá kan ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Ẹ máa rí ET48 tí wọ́n kọ sínú ríìmù yẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ojú ibi tí ríìmù ti lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù fi 48 mm jìnnà sí àárín gbùngbùn ríìmù, sápá ìta. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni táyà á ṣe máa jáde síta. Tẹ́ ẹ bá ki sípésà 20 mm bọ̀ ọ́, ET48 di ET28, gbogbo táyà pátá, etí ìta, etí inú, àárín, ló máa sún jáde ní 20 mm. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ra ríìmù tó fẹ̀ tó 8 ínṣì tó jẹ́ ET40, ínṣì kan tó fi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á pín sí méjì, 12.7 mm lọ síta, 12.7 mm wọlé, 8 mm tí ET fi dín kù á tún kún ti ìta. Etí ríìmù á wá jáde síta ní 20.7 mm. Lójú, sípésà 20 mm nìyẹn, kò sí ẹni tó máa dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó máa mọ ìyàtọ̀. Àmọ́ àárín táyà ò sún ju 8 mm lọ! Ẹ tún un kà. Ẹwà kan náà, ṣùgbọ́n 8 dípò 20.

Táyà náà ńkọ́? 225 tí wọ́n bá fi sórí ríìmù 8 máa ń nà tó nǹkan bíi 230 mm ní fífẹ̀ gangan, 215 lórí 7 máa ń jẹ́ nǹkan bíi 213. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìta táyà á jáde ní nǹkan bíi 16 mm sí 17, ẹ̀gbẹ́ inú á sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì ní nǹkan bí ààbọ̀ mìlímítà péré. Ààbọ̀ mìlímítà! Inú mi dùn gan-an lálẹ́ ọjọ́ tí mo ṣe ìṣirò yẹn tán, mo tún un ṣe kó lè dá mi lójú.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ̀ lórí pé àárín táyà ò sún? Ṣe ẹ rí i, tẹ́ ẹ bá yí sítíárín, táyà ń yí lórí ìlà kan tó gba orí ṣọ́ọ̀kì kọjá lọ sí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fa ìlà yẹn gùn dé ilẹ̀, ibi tó ti kan ilẹ̀ kì í jìnnà sí àárín ojú táyà, àwọn ẹnjiníà ló wọn ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì yẹn kó tó wà bẹ́ẹ̀. Ohun tí sípésà ń ṣe ni pé ó ń fa táyà jìnnà sí ìlà náà. Ó dà bí ìgbà téèyàn gbé garawa omi mọ́ra àti ìgbà tó na ọwọ́ tán kó tó gbé e: omi yẹn ò pọ̀ sí i, ọwọ́ ni yóò sọ. Gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí á wá máa fa sítíárín gbà lọ́wọ́ yín, tí bíréèkì bá mú táyà kan ju ìkejì lọ ọkọ̀ á fẹ́ yà, ojú ọ̀nà tó bá ti ní ipa táyà tírélà á máa fà yín tẹ̀ lé e. Béárìn họ́ọ̀bù náà á máa gbé ẹrù tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.

Sheffield ni mo ń gbé, ọ̀nà tí mo sì fẹ́ràn jù ni Snake Pass, A57, tó gba orí òkè lọ sí Glossop. Ọ̀nà yẹn ń yí kọ́lọkọ̀lọ, ojú ẹ̀ ò sì dáa láwọn ibì kan, torí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń ya, wọ́n ti ẹ̀ tì í nígbà tí ilẹ̀ ya lẹ́yìn ìjì oṣù kejì ọdún 2022. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní irú ọkọ̀ tèmi de sípésà 20 mm síwájú, 25 mm sẹ́yìn, ó sì fún mi wà lórí ọ̀nà yẹn. Ọkọ̀ ẹ̀ rẹwà ju tèmi lọ nígbà yẹn, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n sítíárín tó jẹ́ pé òun gan-an la fi ń ra GT86, tó máa ń sọ ohun tí táyà ń ṣe fún ọwọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ti di aláriwo. Ó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì sí ohun gidi nínú ẹ̀. Níbi tí òjò ti rọ̀ tí omi dúró, ọwọ́ mi ò sinmi.

Àwọn kan á ní ṣé wọn ò lè kúkú dè é sẹ́yìn nìkan, kí iwájú wà bó ṣe wà? Ó ṣeé ṣe, sítíárín á sì dákẹ́. Àmọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ti fẹ̀ ju iwájú lọ tẹ́lẹ̀, 1,540 mm sí 1,520. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ ẹ̀yìn sí i, ẹrù tó ń rọ́ lọ sórí táyà ìta nínú kọ́nà á dín kù lẹ́yìn, ẹ̀yìn á wá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ju iwájú, nígbà náà tẹ́ ẹ bá yí sítíárín, iwájú á máa lọ tààrà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí ìdí ẹ̀ máa jó, ẹ ti fi okùn so ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní sípésà ò wúlò o. Tẹ́nì kan bá fi bíréèkì ńlá sí i tí apá ríìmù ń ha á, 3 mm tàbí 5 mm lè gbà á là, iṣẹ́ gidi nìyẹn. Àwọn ará Jámánì bíi H&R àti Eibach ń ṣe é dáadáa, lọ́dọ̀ tiwọn níbẹ̀ ẹ ò sì lè kàn dè é kẹ́ ẹ máa lọ, TÜV, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i tí ìwé ẹ̀ ò bá pé. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí mi ò lè gbójú fò torí ẹ̀mí ò ní ìpààrọ̀. Àkọ́kọ́ ni bóòtù, ìyẹn irin eléyín tí nọ́ọ̀tì táyà máa ń wọ̀. Bóòtù họ́ọ̀bù GT86 nípọn tó 12 mm, ó kéré tán kí nọ́ọ̀tì wọ̀ ọ́ tó 12 mm yẹn, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ń fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì kó tó le, ẹ gbọ́dọ̀ ka nǹkan bí ìyípo mẹ́wàá. Sípésà tó bá nípọn, tí kò sì ní bóòtù tiẹ̀, ń jẹ nínú gígùn yẹn, torí náà ẹ máa ní láti pààrọ̀ bóòtù họ́ọ̀bù sí èyí tó gùn. Ìkejì ni ihò àárín. Sípésà gbọ́dọ̀ jókòó pinpin sórí họ́ọ̀bù, 56.1 mm ni, tí àlàfo bá wà níbẹ̀ ọkọ̀ á máa gbọ̀n lórí eré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Àmì Toyota ló wà nímú ọkọ̀ yìí, ṣùgbọ́n họ́ọ̀bù Subaru ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Corolla 2003 sí 2008 tó kún ìgboro Èkó náà ní bóòtù márùn-ún tó wà ní 5x100 (márùn-ún lórí òbírí tó fẹ̀ tó 100 mm) bíi ti GT86, ẹni tó bá fojú wò ó lásán á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ihò àárín ti Corolla yẹn jẹ́ 54.1, sípésà ẹ̀ ò ní wọ họ́ọ̀bù GT86, ti GT86 á sì máa mì lórí ti Corolla. Nọ́ọ̀tì ńkọ́, ti Toyota jẹ́ 12x1.5, ti Subaru jẹ́ 12x1.25, ìyẹn ni pé eyín wọn ò jìnnà síra bákan náà. Ẹni tó bá fi agbára yí nọ́ọ̀tì Corolla wọ bóòtù GT86, tó gun orí sípánà tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ti ba eyín bóòtù jẹ́ nìyẹn, kò sì ní mọ̀ títí táyà fi máa yọ lójú ọ̀nà. Agbára tí wọ́n ní kí wọ́n fi de nọ́ọ̀tì ẹ̀ ni 120 Nm, sípánà tó ń wọn agbára sì wà lọ́jà, kò wọ́n.

Bí mo ṣe wọn tèmi rèé. Mo gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà dé 35 psi, mo wà á lọ wà á bọ̀ díẹ̀ kí ṣọ́ọ̀kì lè jókòó. Mo so nọ́ọ̀tì kan mọ́ ìdí òwú, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ orí òwú náà mọ́ etí mọ́gáàdì, gangan níbi tó ga jù, mo jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ títí tí kò fi mì mọ́. Mo wá fi rúlà wọn àlàfo láti ara òwú dé ibi tí ẹ̀gbẹ́ táyà ti yọ jù. Ó lé ní 20 mm níwájú àti lẹ́yìn. Ìyẹn ti sọ fún mi pé 16 sí 17 mm tí mo ṣírò yẹn á wà lábẹ́ mọ́gáàdì, kò ní yọ síta, kò sì ní ha nǹkan kan tí ṣọ́ọ̀kì bá tẹ̀ sílẹ̀. Mo yí sítíárín dópin lápá ọ̀tún, mo ki ìka bọ ẹ̀yìn táyà láti mọ àlàfo tó wà láàárín òun àti rọ́bà inú mọ́gáàdì, mo tún ṣe tòsì. Iṣẹ́ yẹn ò gba nǹkan kan ju sùúrù lọ, ó sì ya mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn máa ń ná owó ríìmù kí wọ́n tó ṣe é.

Táyà ni mo kọ́kọ́ mú: 225/45R17, Michelin Pilot Sport 4. Ìdí tí mo fi mú 225 dípò 215 ni pé ìwọ̀n yẹn pọ̀ lọ́jà níbí gan-an, Golf ń wọ̀ ọ́, Focus ń wọ̀ ọ́, torí náà ilé iṣẹ́ táyà kankan ò ní ṣe táyà tuntun kó yọ ọ́ sílẹ̀, owó ẹ̀ ò sì le jù. Mi ò lọ sí 245 torí òjò ibí ò mọ àsìkò, táyà tó bá fẹ̀ jù máa ń tètè léfòó lórí omi, ọkọ̀ tí kò tó 1,300 kílò ò sì ní ìwúwo tó máa fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ríìmù, 17x8 ET40, pẹ̀lú òrùka tó jẹ́ kí ihò àárín ẹ̀ bá 56.1 mu. Sípésà ò sí lórí ìwé tí mo kọ nǹkan sí mọ́ nígbà tí mo dé ibẹ̀, torí kò sí àlàfo kankan tó kù fún un láti dí.

Mo pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kí n tó de ohunkóhun, mo sọ ìwọ̀n ríìmù àti táyà fún wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fo ìyẹn. Lẹ́yìn tí mo wà á tó nǹkan bí àádọ́ta máìlì mo tún fi sípánà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò.

Lórí Snake Pass, sítíárín ọkọ̀ mi wúwo díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ó kàn ń sọ ọ́ ní kedere sí i ni. Ìdí ẹ̀ ṣì máa ń yọ̀, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ mi onísípésà ti wà á, ó ti tú 20 mm iwájú ẹ̀ kúrò, ti ẹ̀yìn ló ṣì ń rò. Ríìmù àkọ́kọ́ mi, 17x7 ET48, wà ní gáréèjì, táyà òtútù 215/45R17 ló wà lórí ẹ̀, oṣù kọkànlá ni màá tún dè é, kò sì sí nǹkan kan láàárín òun àti họ́ọ̀bù.